Ìlànà Fún Òmùgọ̀ Tó Fẹ́ Gba Ìlú Onílùú Là

O kú ìmúra o, òmùgọ̀ ọ̀rẹ́ mi. Mo gbọ́ pé o fẹ́ lọ gba àwọn èèyàn kan là nílùú tí kì í ṣe tìrẹ. Wọ́n ní o ti ra bàtà sójà, o ti pe àwọn oníròyìn, o sì ti ní kí wọ́n di àpò òfìfo méjì mọ́ ẹrù rẹ, torí ẹni tó lọ gbani là kì í bọ̀ lọ́wọ́ òfo. O ṣeun. Ẹ̀kọ́ ló kù, mi ò sì mọ iléèwé tó dáa fún irú iṣẹ́ yìí ju Ìjàyè lọ. Wọkọ̀ ní Mọníyà, sọ fún dẹ́rẹ́bà pé ọ̀nà Ìsẹ́yìn lò ń lọ. Bó o bá rí i tí ẹ̀gẹ́ dí ọwọ́ ọ̀tún, tó dí ọwọ́ òsì, tí èéfín gàrí ń gba ojú títì kọjá, ní kó já ọ sílẹ̀. Má wulẹ̀ wá ààfin ńlá kiri. Ìlú tó bá Ìbàdàn wọ̀yá ìjà láti 1860 títí di 1862 lo dúró sí yẹn, ohun tó sì ṣẹ́ kù níbẹ̀ lẹ́yìn ìjà náà kò tó kọ́ ààfin.

Ìkà lo máa kọ́kọ́ wá. Bí kò bá sí ìkà, ta lo fẹ́ gba ará ìlú lọ́wọ́ rẹ̀? Ìjàyè ní ògbólógbòó kan: Kúrunmí, Ààrẹ-Ọ̀nà-Kakaǹfò, tó kó àwọn ogunléndé Ọ̀yọ́ wọ ìlú tí Ẹ̀gbá ń gbé tẹ́lẹ̀, tó sì gba oyè lọ́wọ́ Aláàfin Àtìbà. Òun ni olórí ìlú, òun ni adájọ́, òun náà ló tún fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ àwòrò gbogbo òrìṣà tó wà níbẹ̀. Ohun tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá tó jáde ní 1921, bí ọmọ Kúrunmí bá kà á, yóò bojú. Ìkà tó pójú owó nìyẹn.

Ṣùgbọ́n kíyè sí i: ìkà tí yóò wúlò fún ọ gbọ́dọ̀ ní òfin lọ́wọ́ tó ń fi bora. Nígbà tí Àtìbà wàjà ní 1859, Àrẹ̀mọ Adélù ló gorí ìtẹ́. Àṣà Ọ̀yọ́ látijọ́ sì ni pé Àrẹ̀mọ máa ń bá bàbá rẹ̀ kú ni. Kúrunmí ní àṣà ni àṣà, òun ò mọ Adélù lọ́ba. Ìbàdàn ní Àtìbà ti bá àwọn sọ ọ́ kó tó wàjà, ẹni tí Ọ̀yọ́ bá sì fi jọba lọba. Ọ̀rọ̀ ogún obìnrin olówó kan tó kú ní Ìjànnà tún wá da epo síná. Wò ó dáadáa. Ẹni tó ń pariwo pé kí wọ́n má fọwọ́ kan àṣà ilẹ̀ wa, ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ ni àṣà tó ń wí yẹn fẹ́ gbà. Àwọn tó sì ní kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ náà wà láàyè, ogun ni wọ́n kó wá fi sọ ọ́. Ta ló jàre? Bó o bá ti rí èsì rẹ̀ kí n tó bèèrè tán, òmùgọ̀ gidi ni ọ́, máa bá ẹ̀kọ́ lọ.

Lẹ́yìn ìkà, ó yẹ kó o mọ ọ̀rọ̀ tí yóò fi lé ọ padà. Kò gùn: “Ìlú mi ni.” O ti gbọ́ ọ rí nílé fésì-mí-áì-fésì-yú tó o gbé nígbà tó o kọ́kọ́ dé Mọníyà, lóru tí ọkùnrin yàrá kẹta ń na ìyàwó rẹ̀ bíi kíkú bíi yíyè, tó o kanlẹ̀kùn, tí ohùn kan sì tinú yàrá dá ọ lóhùn pé, “Ìyàwó mi ni, kí ló kàn ọ́ níbẹ̀?” Ní 1945, àwọn tó dá Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sílẹ̀ kọ ohùn yàrá kẹta yẹn sínú ìwé òfin wọn, ní abala kejì, ìpín keje: ohun tó bá ti jẹ́ ọ̀rọ̀ abẹ́lé orílẹ̀-èdè kan, kí àjọ náà má dá sí i. Má rò pé ọ̀rọ̀ burúkú ni o. Bí kì í bá ṣe ti ìlà yẹn, gbogbo ẹni tó bá lápá nínú ilé ni yóò máa já ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn lóru, tí yóò máa ní òun gbọ́ igbe ni. Àléébù kan ṣoṣo tí mo rí sí i ni pé wọn ò pe obìnrin inú yàrá síbi tí wọ́n ti kọ ọ́.

Ó wá kan ìhà tí wàá dúró sí. Má ṣe wàhálà wá òtítọ́ kiri. Wo ibi tí ibùsùn rẹ wà, ibẹ̀ ni òtítọ́ wà. Àwọn òyìnbó ìjọ CMS ló kọ́ wa ní èyí. David Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀ ń gbé Ìbàdàn. Ẹjọ́ Ìbàdàn ni Hinderer ń bá wọn rò. Henry Townsend ń gbé Abẹ́òkúta, òun ló ni Ìwé Ìròyìn tó bẹ̀rẹ̀ ní 1859. Ti Ẹ̀gbá àti Ìjàyè ni tirẹ̀. Adolphus Mann àti ìyàwó rẹ̀ sì wà nínú Ìjàyè gan-an. Ìjọ kan náà, Bíbélì kan náà, ogun kan náà, kálukú sì ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run ran àdúgbò òun lọ́wọ́. Nígbà tí ọ̀nà etíkun dí, ebi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Hinderer àti Anna kú n'Íbàdàn, ìyẹn ò sì yí Townsend lọ́kàn padà.

N'Íbàdàn náà, Balógun Ìbíkúnlé ò fẹ́ ogun yìí. Ògúnmọ́lá tó jẹ́ Ọ̀tún rẹ̀ ló ń yán hànhàn fún un. Balógun ló ṣáájú ogun ṣá. Fàlà sídìí èyí.

Ibi tí ẹ̀kọ́ ti dùn la wá dé yìí. Àwọn Ẹ̀gbá dìde láti gba Ìjàyè sílẹ̀. Àwọn ò lè máa wò níran, wọ́n ní, kí ìlú tó múlé tì wọ́n parun. Ohun tí wọn ò pariwo ni pé bí Ìbàdàn bá gbé Ìjàyè mì, Abẹ́òkúta ló kù tí yóò fi mumi lé e. Ìyẹn ò burú. Ẹni tó bá wá nítorí ara rẹ̀ sábà máa ń dúró pẹ́ ju ẹni tí àánú gbé wá. Wọ́n wá, wọ́n pàgọ́, wọ́n yìnbọn, àwọn náà sì kú. Ìbàdàn wá dí ọ̀nà Òkè-Ògùn tí oúnjẹ ń gbà wọ Ìjàyè. Oko ò ṣeé lọ mọ́. Ìlú àgbẹ̀ ni Ìjàyè, ṣùgbọ́n inú ilẹ̀ ni iṣu jókòó sí, àwọn tó ń pa èèyàn sì wà láàárín ilé àti ebè.

Ta ló wá lóúnjẹ? Olùgbàlà ni. Ọ̀nà Abẹ́òkúta ṣì là, ẹrù ń gba ibẹ̀ wọ àgọ́ Ẹ̀gbá. Kí ni ẹni tí ebi ń pa kú lọ yóò fi rà á? Owó ẹyọ tán. Aṣọ tán. Ó kan ọmọ. Àwọn òbí ń fi ọmọ gba oúnjẹ lọ́wọ́ àwọn tó wá gbà wọ́n là, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà ló sì di ẹrú. Jọ̀ọ́, padà lọ tún un kà, torí òmùgọ̀ máa ń sáré kọjá níbẹ̀. Ìgbàlà tó péye ni. Ebi ò pa ọmọ náà kú. Ìbàdàn ò rí i mú. Gbogbo ìlérí tí olùgbàlà ṣe ló mú ṣẹ, kò sí èyí tó yẹ̀ níbẹ̀, ìyá ọmọ náà nìkan ló kù tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń dúpẹ́. Bó o bá dé ìlú tó o fẹ́ gbà là, tó o rí i pé ìwọ nìkan lóúnjẹ, àpò òfìfo tó o dì wá yẹn ti rí iṣẹ́.

Kúrunmí fúnra rẹ̀ kú ní 1861, lẹ́yìn tí ogun ti pa nínú àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹni tí wọ́n tìtorí rẹ̀ gbé ogun wá ti lọ, ẹnikẹ́ni ò di ẹrù padà sílé. Nítorí náà, bí ìkà rẹ bá kú mọ́ ọ lọ́wọ́, má bẹ̀rù, ogun tó ti gbóná kì í bèèrè ìdí. Oṣù Kẹta 1862 ni Ìjàyè tó fọ́. Edward Roper, òyìnbó CMS kan tó wá ran Mann lọ́wọ́, kó sọ́wọ́ Ìbàdàn bí ìlú ṣe ń tú, ó sì di ará àtìmọ́lé lọ́dọ̀ wọn. Ó wà lára àwọn olùgbàlà díẹ̀ tí mo mọ̀ tó bá àwọn tó wá gbà là jẹ nínú ìyà wọn.

Àwọn tó sá àsálà forí lé Abẹ́òkúta, àwọn òyìnbó Onítẹ̀bọmi sì kó àwọn ọmọ tí wọ́n ń bọ́ lọ síbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀gbá fún wọn nílẹ̀. Àdúgbò Ìjàyè wà ní Abẹ́òkúta títí di òní, ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi wà níbẹ̀, àwọn ọmọ-ọmọ wọn ń ṣe ìsìn lọ́jọ́ Ìsinmi. Ìlú tó gba ọmọ wọn fi ṣe owó oúnjẹ náà ló fún wọn níbi tí wọ́n fi orí pamọ́ sí. Bí mo bá fẹ́ kórìíra Ẹ̀gbá lórí ọ̀rọ̀ yìí, àdúgbò yẹn ò jẹ́. Bí mo bá fẹ́ dúpẹ́, ó há mi lọ́fun. Òmùgọ̀ ò ní irú ìṣòro yìí.

Àwọn ọ̀gá iṣẹ́ gan-an wà ní Èkó. Oṣù Kejìlá 1851 ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti fi àgbá lu Èkó, wọ́n lé Kòsọ́kọ́, wọ́n dá Akítóyè padà sórí oyè, wọ́n ní nítorí òwò ẹrú ni. Òótọ́ ni pé Kòsọ́kọ́ ń ta ẹrú. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní ọdún kan náà tí Kúrunmí kú, wọ́n padà wá bá Dòsùnmú ọmọ Akítóyè pé òwò ẹrú ò tíì tán, kó yáa kó ìlú fún àwọn. Ọkọ̀ Prometheus dúró lórí ọ̀sà, ó kọjú ìbọn sí ìlú. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ 1861, Dòsùnmú tọwọ́ bọ̀wé. Ọ̀kẹ́ owó ẹyọ 1,200 ni wọ́n ní àwọn yóò máa san fún un lọ́dún. Ọ̀kẹ́ kan jẹ́ ẹyọ 20,000. Bó o bá fẹ́ mọ iye tí Èkó ń pa, jókòó ka ẹyọ mílíọ̀nù 24. Wàá rí i pé Ẹ̀gbá ò mọ iṣẹ́ yìí tó bẹ́ẹ̀: wọ́n ń gba ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ariwo ìyá kọ̀ọ̀kan sì ń dà wọ́n láàmú. Ẹni tó bá gba ìlú lódidi ti gba ọmọ inú rẹ̀ mọ́ ọn, ìwé àdéhùn ni yóò sì máa nà sí ìyá tó bá ké.

Ìbàdàn tó fọ́ Ìjàyè náà jẹ nínú irú ìgbàlà yìí. Ogun Kírìjì tí Ìbàdàn bá àwọn Yorùbá mìíràn jà bẹ̀rẹ̀ ní 1877, ó jà títí ó fi sú àwọn tó ń jà á. Johnson tí mo dárúkọ níṣàájú àti Charles Phillips rìn láàárín àgọ́ méjèèjì, wọ́n bẹ tibí, wọ́n bẹ tọ̀hún, títí wọ́n fi tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà ní 1886, láìkó sójà lẹ́yìn. Má kọ́ irú èyí, kò lérè. Carter, Gómìnà Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó, ló mọ̀ ọ́n ṣe ní 1893: ó wá, ó tú àwọn àgọ́ ká, ó sì ní kí àwọn ìjòyè Ìbàdàn tọwọ́ bọ̀wé. Àlàáfíà dé lóòótọ́, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Lábẹ́ rẹ̀ ni Ìjàyè fi tún di ibi tí èèyàn ń dáko. Ẹni tó mú àlàáfíà wá ni kò lọ mọ́. Wọ́n fi Ọ̀gágun Bower jókòó ti Ìbàdàn, nígbà tó sì di oṣù Kọkànlá 1895, Bower kó àgbá lọ sí Ọ̀yọ́, ó yìn ín lu ìlú Aláàfin Adéyẹmí, nítorí wọ́n ń fà á mọ́ra wọn lọ́wọ́ pé ta ló láṣẹ láti dájọ́. Ìjọba tó ní òun wá kí ìbọn lè dákẹ́ nìyẹn.

Ohùn rẹ tún gbọ́dọ̀ lè yí padà. Láti 1967 sí 1970, ohun tí Nàìjíríà ń sọ fún gbogbo ayé ni pé ìjà ilé wa ni ọ̀rọ̀ Biafra, kí ará ìta má dá sí i. Àwọn ọmọ ń gbẹ bí igi, òru ni bàálù tó ń gbé oúnjẹ fi ń balẹ̀ sí Uli. Ní 1969, ìyẹn ṣì ń lọ lọ́wọ́, Ọlá Rótìmí gbé eré Kúrunmí sórí ìtàgé n'Ífẹ̀, ebi Ìjàyè jókòó síwájú àwọn tó ń gbọ́ ìròyìn ebi mìíràn lórí rédíò. Ogún ọdún ó lé díẹ̀ lẹ́yìn tí Biafra parí, ní oṣù Kẹjọ 1990, Nàìjíríà kan náà ló ṣáájú ECOMOG, àwọn ọmọ ogun àjọ ECOWAS, wọ Monrovia láti lọ gba Liberia là. Ìjà ilé wọn ńkọ́? Ẹnikẹ́ni ò bèèrè. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án, Ààrẹ Samuel Doe wá kí àwọn olùgbàlà ní ibùdó wọn ní èbúté. Àwọn ọmọ ogun ọlọ̀tẹ̀ kan, Prince Johnson, ká a mọ́bẹ̀, wọ́n mú un lójú olùgbàlà, wọ́n sì lọ pa á. Àwọn ará Liberia máa ń fi ECOMOG ṣẹ̀fẹ̀ pé ohunkóhun tó bá ti ní táyà, ó ti bá wọn lọ. Àwọn kan náà ni yóò tún sọ fún ọ pé bí kì í bá ṣe ti àwọn sójà wọ̀nyẹn, ọwọ́ ọlọ̀tẹ̀ kejì, Charles Taylor, ì bá ti tẹ Monrovia kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọ̀rọ̀ àdúgbò Ìjàyè ló tún dé yìí. Àwọn ọmọ wa ṣòfò níbẹ̀, títí kan àwọn oníròyìn méjì, Krees Imodibie àti Tayo Awotusin. Taylor alára? Nàìjíríà fún un nílé ní Kàlàbá ní 2003.

Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé òmùgọ̀ kejì, ẹni tó jókòó sílé. Òun ò nílò àpò. Ní 1994 wọ́n pa nǹkan bí 800,000 èèyàn ní Rwanda láàárín 100 ọjọ́. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní sójà bí 2,500 níbẹ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí òkú ń pọ̀ sí i, wọ́n dín wọn kù, wọ́n ní kí ó ṣẹ́ ku 270. Nàìjíríà wà nínú Ìgbìmọ̀ Ààbò lọ́dún yẹn. Rwanda náà wà níbẹ̀: aṣojú ìjọba tó ń pa èèyàn ní àga tirẹ̀, ó ń gbọ́ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, ó sì ń dìbò lórí rẹ̀. Ọkùnrin yàrá kẹta ti di ọmọ ìgbìmọ̀ onílé. Ojú ti àwọn àgbà Áfíríkà lẹ́yìn náà, wọ́n kóra jọ sí Lomé ní Tógò ní 2000, wọ́n kọ ọ́ sínú òfin tó dá Ìṣọ̀kan Áfíríkà sílẹ̀ pé bí ìpakúpa bá ń lọ nílùú kan, àwọn láṣẹ láti wọlé. Ní oṣù Kejìlá 2015 wọ́n ní àwọn ń kó sójà 5,000 bọ̀ ní Burundi. Burundi ní ẹni tó bá wọlé, àwọn yóò bá a jà. Wọ́n bá kúkú jókòó.

Bí apá rẹ ò bá ká wíwọlé, bí a ṣe ń dẹ́rù bani ló kù kí n kọ́ ọ. Ọjọ́ 26 oṣù Keje 2023 ni sójà gba ìjọba lọ́wọ́ Ààrẹ Mohamed Bazoum ní Niger. Ààrẹ Tinubu ti Nàìjíríà ni alága ECOWAS nígbà náà. Wọ́n ṣèpàdé l'Ábùjá, wọ́n fún àwọn sójà náà ní ọjọ́ méje, wọ́n ní bí wọn ò bá dá Bazoum padà, àwọn lè fi agbára lé wọn. Nàìjíríà já iná mọ̀nàmọ́ná tó ń tà fún wọn, ó ti ẹnubodè pa. Ọ̀gágun Tchiani tó gbàjọba ò nílò káńdẹ́lẹ̀. Ìyá tó ń ta omi tútù ní Niamey ló rí òkùnkùn, àwọn tó ń ti Jíbíyà kó ọjà kọjá ló jókòó ti ẹrù wọn. Ọjọ́ méje pé. Ọjọ́ kẹjọ náà pé. Ilé Aṣòfin Àgbà l'Ábùjá ní kí wọ́n máa fẹ̀sọ̀ ṣe é, àwọn ò fọwọ́ sí ogun. Ní oṣù Kìíní 2024, Niger, Mali àti Burkina Faso ní àwọn ò bá ECOWAS ṣe mọ́. Ní oṣù Kejì, ECOWAS ní kí wọ́n ṣí ẹnubodè. Ọdún méjì lẹ́yìn tí wọ́n mú un, Bazoum ṣì wà ní àtìmọ́lé. Bí wọ́n bá bi ọ́ léèrè rẹ̀, sọ pé ìpàdé ń bọ̀ l'Ábùjá, owó ọkọ̀ rẹ ni wọn ò tíì san.